Wọ́n Ti Wọlé

Ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọ ọgbà ẹranko náà, pátákó kan ni yóò kọ́kọ́ rí. Wọ́n ya béárì sí i, ó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó la ẹnu sílẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ jáde lókè pátákó. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, nǹkan tíńtín kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èrò rò pé ọ̀dà ló ta sí i. Àkèré ni. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: "Ẹ wá wo èyí tó tóbi jù, ẹ wá wo èyí tó kéré jù." Àwọn èrò á ka ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n á sì yà sílé béárì. Ìdajì kejì ni obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí fi ayé rẹ̀ ṣe.

Ìyá Àkèré ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ, nítorí náà orúkọ yẹn dùn mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú. Ilẹ̀ gbígbá ló fi bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà náà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn àkèré ọ̀hún dé láti orí òkè kan tó jìnnà, kò sẹ́ni tó fẹ́ tọ́jú wọn, ni wọ́n bá tì wọ́n sí i lọ́rùn. Wọn ò tó èékánná ọmọ-ìka. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá ń ké, á máa dún tín-ín, tín-ín, bí ẹni fi ṣíbí kan ife gíláàsì. Bí abo bá yé sábẹ́ ewé, akọ ni í dúró ti ẹyin. Bí àwọn ọmọ bá jáde, wọ́n á gun ẹ̀yìn bàbá wọn, á sì máa gbé wọn kiri títí wọ́n á fi tó ara wọn gbé. Igbó orí òkè tí wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n ti gé e tán. Àwọn tó wà nínú yàrá onígíláàsì tí Ìyá Àkèré ń tọ́jú nìkan ló kù láyé.

Ooru ni ọ̀tá wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù kan ló ń fẹ́ sí yàrá náà tọ̀sán-tòru, Ìyá Àkèré á sì máa fọ́n omi bí ìrì sórí ewé. Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gbé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó gbé imú lé gíláàsì. Àwọn ọmọdé ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin oníkùn ńlá á wòkè, wọ́n á wo ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọgbà náà ò kúnlẹ̀ wò wọ́n rí láti ọjọ́ tó ti dépò. Ó máa ń sọ pé béárì kì í ní kí ènìyàn kúnlẹ̀ kó tó rí òun. Òótọ́ ló sọ. Béárì, bí o tilẹ̀ di ojú rẹ méjèèjì, wàá gbóòórùn rẹ̀.

Ilé béárì wà lọ́wọ́ àbúrò Ìyá Àkèré lọ́kùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn ń lọ síbi iṣẹ́. Òun náà ló lọ bẹ ọ̀gá àgbà nígbà tí ọmọkùnrin náà jókòó sílé láìríṣẹ́. Omi ló kọ́kọ́ ń bá a pọn. Ṣùgbọ́n ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ó lẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ààrá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ béárì, àwọn èrò sì sọ ọ́ ní Ọ̀gá Béárì. Láti ìgbà náà ló ti gbàgbé ẹni tó pọ̀n ọ́n. Níwájú èrò, á pariwo pé, ìwọ Ìyá Àkèré, wá gbé garawa yìí. Ọmọ tó ti tọ̀ sí i lẹ́yìn àìmọye ìgbà ló ń pè é ní ìwọ lójú ayé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹjọ́ sun ìyá wọn, ìyá ní ibi iṣẹ́ kì í ṣe ilé, kó má fi ọ̀rọ̀ kékeré da ọkàn ọmọ òun láàmú. Ọmọ òun ni ìyá sọ, bí ẹni pé àjèjì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Béárì ńkọ́? Béárì gba ọ̀wọ̀. Ọ̀gá Béárì sọ ọ́ ní Alàgbà, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Alàgbà ní "ó" mọ́, "wọ́n" ni. Alàgbà ti jí, wọ́n ń yán. Alàgbà ò jẹun, inú ń bí wọn. Ẹni tó bá ṣèèṣì sọ "ó", òun ni yóò kó ìgbẹ́ béárì lọ́jọ́ náà. Àwàdà ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èrò ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó di òfin, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá àgbà pàápàá á yọjú láàárọ̀, á béèrè pé ṣé wọ́n sùn dáadáa. Ìyá Àkèré náà kọ́ ọ. Ó kó ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà sì mọ́ ọn lẹ́nu. Nínú ilé béárì, ẹyọ ẹnìkan ló ń pè ní wọ́n, ẹranko sì ni. Àbúrò rẹ̀, "ó" ló ń pè é, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń pe àbúrò.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ooru mú ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé béárì bàjẹ́. Alàgbà na ara sílẹ̀ gbalaja, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, inú sì ń bí àwọn èrò pé béárì ò dìde kí àwọn wò ó. Ọ̀gá àgbà pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sí ọ́fíìsì. Ó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó wà lọ́dọ̀ àkèré, kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀gá Béárì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ò pọ̀, kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá. Alàgbà nìkan wúwo ju gbogbo ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì yẹn lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo àkèré Ìyá Àkèré ò wúwo tó ìdè ìgbànú òun. Ó ní ẹyọ èékánná Alàgbà kan gùn ju odindi ìdílé àkèré tó tò tẹ̀ léra lọ. Ó ní ẹja kún garawa ni Alàgbà ń fi panu, kòkòrò tí ojú ò rí ni àkèré ń jẹ, tí wọ́n sì ń yó. Ẹni tó bá wá wo Alàgbà á lọ ròyìn fún ará ilé rẹ̀. Ẹni tó bá wá wo àkèré á béèrè ọ̀nà ilé ìtọ̀. Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Àkèré ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ níwájú ọ̀gá. Ó ní òótọ́ ni pé àwọn tòun kéré, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó ní béárì wà nínú ọgbà mìíràn, béárì ṣì ń rìn nínú igbó. Àkèré wọ̀nyí ò sí níbòmíràn mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

"Ọ̀gá, bí ooru bá mú Alàgbà, wọ́n á bọ́ sínú omi, ó parí. Bí ooru bá mú àwọn tèmi, wọ́n á kú tán ni."

Ọ̀gá àgbà nu òógùn ọrùn rẹ̀. "Ìyá Àkèré, bí àkèré bá kú tán, ta ni yóò mọ̀?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n wá tú ẹ̀rọ náà lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ nílé ìyá wọn. Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò, ìyá wọn rí i, kò ní kó dìde. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ máa pín ẹ̀rọ náà lò, kó ṣe ọ̀sán lọ́dọ̀ béárì, kó ṣe òru lọ́dọ̀ òun. Ọ̀gá Béárì ń jẹun, kò gbójú sókè.

"Lọ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn," ló wí.

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà ọmọ òun yìí pọ̀ jù.

Ìyá Àkèré sì fẹ́ wọn lóòótọ́. Ó ya páálí, ó ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀. Ó ra yìnyín, ó tò ó yí gíláàsì ká. Ó rẹ aṣọ sómi, ó fi bo òkè. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ro ó, á fi tòsì. Ooru ò gbẹ̀bẹ̀. Ohùn tín-ín, tín-ín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ẹyọ kan tó ń dá ké, tó ń dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń retí èsì, tó sì tún ń ké. Nígbà tí ìyẹn náà dákẹ́ pátápátá, Ìyá Àkèré kúnlẹ̀ wò ó. Ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun àtàwọn ọmọ ti kú. Obìnrin náà fi iwájú orí ti gíláàsì, ó sunkún bí ọmọdé.

Ó ṣà wọ́n jọ sínú páálí ìṣáná. Gbogbo irú wọn tó kù láyé gba inú páálí ìṣáná kan, àyè sì tún ṣẹ́kù. Ó ń lọ sin wọ́n lẹ́yìn ilé ni àbúrò rẹ̀ pàdé rẹ̀ níwájú èrò. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mì í létí, ó ní kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kí ẹran ṣòfò, ó sì dà wọ́n sínú ọpọ́n ẹja béárì. Àwọn èrò ya fọ́tò. Alàgbà gbé imú sún mọ́ ọn, wọ́n fín, wọ́n yí orí padà. Nínú àwọn méjèèjì, ẹranko ló nítìjú.

Bí iṣẹ́ àkèré ṣe parí nìyẹn. Ẹni tó ń fa ẹ̀wọ̀n ilé béárì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, ni wọ́n bá fi Ìyá Àkèré rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n la iṣẹ́ náà yé yín. Ibi méjì ni béárì ń gbé: àgbàlá tó wà níta, tó ní adágún omi àti àpáta ńlá, níbi tí èrò ti ń wò ó, àti yàrá inú, níbi tó ti ń sùn. Ilẹ̀kùn irin ló pín méjèèjì níyà, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì fi ń fà á sókè tí wọ́n fi ń jù ú sílẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀wọ̀n, ẹ̀yìn ògiri ló dúró sí, kò rí àgbàlá, kò rí yàrá. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, Ọ̀gá Béárì á da ẹja sínú yàrá, á dúró wò ó títí béárì á fi wọlé, á wá pariwo pé, "Wọ́n ti wọlé." Ẹni tó wà nídìí ẹ̀wọ̀n á jù ú sílẹ̀, ilẹ̀kùn á dún gbì. Ìgbà tí Ọ̀gá Béárì bá gbọ́ gbì yẹn ni yóò tó ṣí géètì ẹ̀gbẹ́, táá wọ àgbàlá lọ gbálẹ̀.

Ìyá Àkèré kórìíra àbúrò rẹ̀ lákòókò yẹn, irọ́ ò sí níbẹ̀. Bó bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lókèèrè, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè kórìíra ọmọ ìyá rẹ̀ kó má fẹ́ ikú rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ti pọ̀n ọmọ kì í tètè gbàgbé ìwúwo rẹ̀. Ó ń fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn àlejò pàtàkì dé. Ọ̀gá Béárì da ẹja sínú yàrá, kò dúró wò ó, ó sáré lọ bá àwọn àlejò ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe ń lọ, ó sọ fún ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì pé kó lọ bá òun wo ilé béárì. Kò sọ ohun tí yóò wò. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni, kò débẹ̀ rí. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ló ti wá. Kò lè pe ẹni tó jù ú lọ láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Béárì ní tirẹ̀, béárì ni lójú rẹ̀. Ó lọ dúró sí kọ̀rọ̀ ilé náà, ó ká ọwọ́ gbera.

Ìyá Àkèré dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ṣé wọ́n ti wọlé?"

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gá Béárì ń sáré bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àlejò, ó sì wọ yàrá àwọn òṣìṣẹ́ lọ pààrọ̀ bàtà. Ọmọbìnrin náà rí i bó ṣe wọlé, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn náà já sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ti wọlé."

Ẹyin lohùn. Ìyá Àkèré ju ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Gbì.

Ọ̀gá Béárì gbọ́ gbì náà bó ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ó rò pé ọmọbìnrin náà ti rí béárì tó wọlé. Òfin ọgbà sọ pé kí ẹni tó fẹ́ wọ àgbàlá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹranko nínú yàrá kó tó ṣí géètì. Kò wò ó. Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń súfèé, ó wọ àgbàlá. Béárì wà nínú adágún lẹ́yìn àpáta, ó ń tura. Ó ti ń gbóòórùn ẹja rẹ̀ láti ìgbà tó ti jí. Nígbà tó wá jáde nínú omi láti lọ jẹ ẹ́, ilẹ̀kùn ti sé, ènìyàn kan sì dúró síwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

Alàgbà ò mọ ẹni tó fi wọ́n jóyè. Apá ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọn ò sì dá a padà. Àwọn àlejò pàtàkì gbé fóònù sókè. Igbe ni Ìyá Àkèré gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri, ó mọ ohùn ẹni tó ń ké, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ẹ̀wọ̀n títí tó fi bó o lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn gòkè, òórùn ẹja tú jáde, béárì ju ọkùnrin náà sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Obìnrin náà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá, ó ju ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti yìnbọn pa béárì náà, ẹja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àwọn àkèré sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Gbogbo ọgbà ló mọ̀ nípa páálí ìṣáná, nítorí náà kò sẹ́ni tó wá ìdí ọ̀rọ̀ jìnnà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, pé ṣe ni obìnrin náà dúró kí àbúrò rẹ̀ wọ àgbàlá kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti béárì. Ọmọbìnrin oní-tíkẹ́ẹ̀tì sunkún, ó sì sọ òótọ́: wọ́n bi òun bóyá wọ́n ti wọlé, òun sì dáhùn lórí Ọ̀gá Béárì, ta ni òun ì bá tún pè ní wọ́n? Ìyá Àkèré ní béárì ni òun béèrè, pé béárì ni wọ́n ń pè ní wọ́n níbẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbé kálámù dúró, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bi wọ́n bóyá òótọ́ ni. Kálukú wo bàtà ara rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bí Ìyá Àkèré ṣe fa ilẹ̀kùn sókè padà náà, wọ́n ní àánú ló ṣe é nígbà tó gbọ́ igbe, pé ìkà náà máa ń kábàámọ̀. Ó wá ku ẹnu ẹnìkan ṣoṣo.

Ní ilé ìwòsàn, Ọ̀gá Béárì dùbúlẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì di èjìká ọ̀tún rẹ̀ róbótó. Ìyá wọn jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá, ó ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, ó sì yíjú sógiri. Ọ̀gá àgbà dúró sójú fèrèsé. Ó ti sọ ṣáájú pé bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà wọ àgbàlá láìwo yàrá, ara rẹ̀ ló ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bọ́ nìyẹn, ọgbà ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Síbẹ̀, ọkàn Ìyá Àkèré balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ṣòfin ló dùbúlẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù ú lọ pé ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò pè é ní wọ́n rí.

Ọlọ́pàá fà súnmọ́ ibùsùn. "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Bí obìnrin yìí bá sọ pé 'wọ́n' níbi iṣẹ́, ta ló ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá Béárì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ọ̀gá àgbà lójú fèrèsé. Ó wo ibi tí apá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Wọ́n mọ ọ̀wọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá níbẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè ní wọ́n. Béárì, ẹranko ni. Ta ló máa pe ẹranko ní wọ́n?" Ó mí. "Mo ti wà nínú àgbàlá kí wọ́n tó ju ilẹ̀kùn sílẹ̀."

Ọlọ́pàá kọ ọ́. Gbogbo ọdún tí obìnrin náà fi ń retí kí àbúrò rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún òun níwájú ènìyàn, òní ló dé, ó sì dé rẹpẹtẹ. Kí ni yóò sọ? Pé kó má bọ̀wọ̀ fún òun?

Ọlọ́pàá ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá Béárì ń wá ife omi tó wà lórí tábìlì, apá tí kò sí mọ́ ló fẹ́ nà sí i, èjìká nìkan ló sì mì. Ìyá Àkèré ló sún mọ́ tábìlì jù. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé ife náà kó tó rò ó. Ó fi ọwọ́ kejì gbé e lórí sókè, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọkùnrin náà wà ní kékeré tí ibà bá ń ṣe é, ó sì fún un mu títí tó fi mu ún tán.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

Ọlọ́pàá gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.